Bàtà tòkunbọ̀ tí Bàbá aránbàtà tún ṣe fún mi ní Òkè Paadi, mo fi rin kìlómítà 115 ní Sípéènì

Àwọn tó ń bi mí léèrè ti pọ̀ ju kí n máa dá wọn lóhùn lọ́kọ̀ọ̀kan lọ. Àtìgbà tí mo ti gbé fọ́tò ẹsẹ̀ mi sórí WhatsApp, níwájú kàtídírà Santiago, ni wọ́n ti ń bi mí pé bàtà wo nìyẹn, èló ni, ṣé ó máa ń tọ́jọ́, ẹlòmíì tiẹ̀ ní ṣebí mo lè bá òun ra irú ẹ̀ bọ̀ láti Sípéènì. Kì í ṣe Sípéènì ni mo ti rà á o. Dùgbẹ̀ ní Ìbàdàn ni. Orí tapólì ló wà nílẹ̀ láàárín àwọn bàtà yòókù, ẹni tó sì sọ ọ́ di bàtà tó gbé mi rin kìlómítà 115 láìsí ìléròrò kankan ni Bàbá aránbàtà kan lọ́nà Òkè Paadi. Torí náà ọ̀rọ̀ Bàbá yẹn ni mo fẹ́ sọ, iṣẹ́ ọwọ́ wọn ni mò ń fún ní máàkì, kì í ṣe ilé iṣẹ́ tó ṣe bàtà. Mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá. Ọ̀kan tó kù, màá sọ bó ṣe jẹ́.

Ẹni tí ò bá mọ ìrìn tí mò ń wí, Camino de Santiago ni wọ́n ń pè é, ìrìn àjò mímọ́ tí àwọn ará Yúróòpù ti ń fẹsẹ̀ rìn fún ohun tó lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún, lọ síbi tí wọ́n gbà pé sàréè Jákọ́bù Àpọ́sítélì wà, ní ìlú Santiago de Compostela. Ọ̀nà tó lọ síbẹ̀ pọ̀, àwọn kan ń bẹ̀rẹ̀ láti Pọ́túgà, ṣùgbọ́n èyí tí èrò pọ̀ lórí ẹ̀ jù ni Camino Francés, láti Saint-Jean-Pied-de-Port ní ilẹ̀ Faransé, ìyẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kìlómítà 800, ó tó oṣù kan kéèyàn tó rìn ín tán. Èmi ò ní oṣù kan. Nọ́ọ̀sì ni mí, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n fún mi níbi iṣẹ́. Àmọ́ ẹni tó bá ti fẹsẹ̀ rin kìlómítà 100 tó kẹ́yìn, tó sì ní ìwé kékeré tí wọ́n ń lu òǹtẹ̀ sí lójú ọ̀nà, wọ́n máa fún un ní ìwé ẹ̀rí tó ń jẹ́ Compostela, ìdí nìyẹn tí èrò fi ń bẹ̀rẹ̀ láti ìlú Sarria, torí láti ibẹ̀ dé Santiago, kìlómítà 115 ni. Ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn jẹ́ kìlómítà 127, ẹ fi wò ó. Lọ́dún 2024 nìkan, àwọn tó gba ìwé ẹ̀rí yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 500,000.

Mo kọ́kọ́ ra bàtà tuntun o. Ṣọ́ọ̀bù ńlá kan ni, éésì ń fẹ́, iná ń tàn yí bàtà ká, ₦85,000 ni mo san. Ọmọbìnrin tó ń tà á bi mí pé, "Sáìsì mélòó, mà?" mo ní 39, ó gbé 39 fún mi, ó tán. Kò wo ẹsẹ̀ mi, kò ní kí n rìn kiri wò. Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í fi rìn ní gbogbo àárọ̀ Sátidé, láti Mọ́kọ́lá, màá gba Sángo, màá kọjá níwájú Poly dé géètì UI, bí ara bá gbé e màá dé Òjòó, màá wá wọ mọ́tò padà. Sátidé kẹta, kí n tó dé Sángo ni gìgísẹ̀ ọ̀tún ti ń ta mí bí ẹni pé iná ń jó o, mo ní ó máa tó mọ́ra, mo ṣe ọkàn akin, ìgbà tí mo fi máa dé UI tí mo bọ́ bàtà, ìléròrò ti yọ síbẹ̀, ó tó ọmọrí ìgò kóòkì, omi kún inú ẹ̀.

Mo gbé bàtà padà lọ. Wọ́n ní mo ti fi rìn. Mo ní ṣebí bàtà ìrìn ni, báwo ni mo ṣe fẹ́ mọ̀ pé ó ń bu ẹsẹ̀ jẹ tí mi ò bá fi rìn? Wọ́n nawọ́ sí ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri pé ọjà tí wọ́n bá ti tà, kò sí dídá a padà. Mi ò ní dárúkọ wọn. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí wọra, torí ₦85,000 kì í ṣe owó kékeré lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì, ohun tó sì dùn mí jù ni pé kò sẹ́ni tó wo ẹsẹ̀ yẹn nígbà tí mo ń rà á, kò tún sẹ́ni tó wò ó nígbà tó bó.

Ọ̀rẹ́ mi kan níbi iṣẹ́ ló ní kí n lọ sọ́dọ̀ àwọn alókirìkà ní Dùgbẹ̀, pé bàtà tí àwọn Òyìnbó fi ń gun òkè máa ń wà nínú ìdì wọn. Mo lọ ní ọjọ́ tí wọ́n tú ìdì tuntun, mo bẹ̀rẹ̀ síbẹ̀ fún bíi wákàtí kan, mò ń tú, mò ń wọ̀, mò ń bọ́. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe rí i. Bàtà aláwọ̀ búráùn, awọ gidi, ó ga bo ọrùn ẹsẹ̀, sáìsì 41. Orúkọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ ti pa rẹ́, àmọ́ lábẹ́, àmì yẹ́lò kékeré tí wọ́n kọ Vibram sí ṣì wà, eyín rọ́bà ẹ̀ ò sì tíì jẹ. Àbúrò mi tó ń gbé ní Madrid ló sọ ìtàn Vibram fún mi nígbà tí mo fi fọ́tò ránṣẹ́ sí i, pé ará Ítálì kan tó ń gun òkè, Vitale Bramani, ló dá a sílẹ̀, lẹ́yìn tí àwọn mẹ́fà nínú ẹgbẹ́ ẹ̀ kú sórí òkè lọ́dún 1935, tí wọ́n sì ní bàtà ẹsẹ̀ wọn wà lára ohun tó fà á, ló bá lọ ṣe rọ́bà eléyín, ó gbé e jáde lọ́dún 1937. Ìtàn yẹn wọ̀ mí lákínyẹmí ara. Alókirìkà ní ₦25,000, mo ní ₦10,000, a fẹnu kò sí ₦16,000.

Ká ní mo wọ bàtà yẹn lọ bẹ́ẹ̀ ni, ọ̀rọ̀ ì bá burú.

Ṣọ́ọ̀bù Bàbá ò ju yàrá onípákó kan lọ, páànù ló bò ó, lẹ́bàá ọ̀nà tó gòkè lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì wa. Ó ti tó ogún ọdún tí mo ti ń kí wọn tí mo bá ń lọ sí Máàsì, àmọ́ gìgísẹ̀ bàtà ilé iṣẹ́ mi nìkan ni wọ́n ti bá mi ṣe rí. Mo ní, "Bàbá, ẹ bá mi yẹ eléyìí wò, mo fẹ́ fi rin ọ̀nà jíjìn ni." Wọn ò tiẹ̀ wo òkè ẹ̀. Wọ́n dojú ẹ̀ dé, wọ́n fi àtàǹpàkò tẹ ẹ̀gbẹ́ ẹ̀, níbi tí rọ́bà ti pàdé awọ, wọ́n tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, wọ́n tún un tẹ̀. Fóòmù tó wà láàárín yẹn bẹ̀rẹ̀ sí í rún bíi búrẹ́dì tó ti gbẹ, ẹ̀rúnrún ẹ̀ ń dà sórí ẹsẹ̀ wọn. Wọ́n gbójú sókè wò mí, wọ́n ní, "Ìyá Nọ́ọ̀sì, bàtà yín ti kú láti inú."

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń ra tòkunbọ̀, ẹ fetí sí ibí yìí dáadáa. Fóòmù tí wọ́n fi ń ṣe àárín ọ̀pọ̀ bàtà òkè, polyurethane ni wọ́n ń pè é, ó rọ̀ lẹ́sẹ̀, ó sì lágbára, àmọ́ ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ máa ń jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀, bí ọdún ṣe ń gorí ọdún bẹ́ẹ̀ ló ń rà, kódà kí wọ́n má wọ̀ ọ́, kó kàn wà nínú páálí. Awọ á ṣì máa dán, eyín rọ́bà á ṣì mú, kò sí bẹ́ ẹ ṣe lè fi ojú mọ̀. Bàbá ò mọ orúkọ Òyìnbó tó ń jẹ́, àmọ́ wọ́n mọ ìwà ẹ̀, wọ́n ní ọ̀pọ̀ bàtà òkè tòkunbọ̀ tí wọ́n ń gbé wá fún àwọn ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, pé ẹni tó bá wọ̀ ọ́, abẹ́ ẹ̀ á já bọ́ lójijì lójú ọ̀nà. Ẹ máa fi àtàǹpàkò tẹ ẹ̀gbẹ́ bàtà kẹ́ ẹ tó sanwó, kẹ́ ẹ ká a wò, tó bá ti ń lanu tàbí tó ń rún, ẹ dínwó ẹ̀ tàbí kẹ́ ẹ fi í sílẹ̀. Kẹ́ ẹ sì ti ọwọ́ bọ inú ẹ̀ níbi gìgísẹ̀, tí aṣọ inú ẹ̀ bá ti ya, ibẹ̀ ló máa bó yín.

Mo ní ṣé kí n jù ú nù? Bàbá ní rárá, awọ yìí dáa ju awọ tí wọ́n ń tà báyìí lọ, rọ́bà abẹ́ ẹ̀ náà dáa, àárín ló kú, àárín làwọn á pààrọ̀. Wọ́n ní kí n lọ, kí n padà wá ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì tí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé. Mo ní kí ló dé tó fi jẹ́ ìrọ̀lẹ́? Wọ́n ní, "Ẹsẹ̀ àárọ̀ kọ́ ni ẹsẹ̀ ìrọ̀lẹ́, ma. Tẹ́ ẹ bá ti dúró látàárọ̀, ó ti wú. Èyí tó wú yẹn lẹ máa fi rìn." Kí n sì mú ìbọ̀sẹ̀ tí màá wọ̀ gan-an dání, kì í ṣe irú ẹ̀. Mo padà lọ, wọ́n ní kí n dúró lórí páálí, ọmọṣẹ́ wọn fi báírò fa ìlà yí ẹsẹ̀ méjèèjì ká, tọ̀tún fi díẹ̀ tóbi ju tòsì lọ. Bàbá wá ní kí n ti ẹsẹ̀ síwájú pátápátá nínú bàtà, wọ́n ki ìka ọwọ́ kan bọ ẹ̀yìn gìgísẹ̀ mi, ó wọlé wẹ́rẹ́, wọ́n ní ó dáa, àyè yẹn ló máa gba èékánná yín sílẹ̀ tẹ́ ẹ bá ń sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè. Èmi tí wọ́n tà 39 fún, 41 lẹsẹ̀ mi ń fẹ́ fún ìrìn jíjìn.

Mo jókòó wo díẹ̀ nínú iṣẹ́ náà lọ́jọ́ tí mi ò lọ síbi iṣẹ́. Wọ́n fi ọ̀bẹ tínínrín la rọ́bà Vibram yẹn kúrò láìjẹ́ kó ya, sùúrù gidi ló gbà, wọ́n ha fóòmù òkú yẹn kúrò títí tí awọ fi mọ́ foo, wọ́n gé fóòmù tuntun, èyí tí wọ́n ń pè ní EVA, ìlọ́po méjì lábẹ́ gìgísẹ̀, ẹyọ kan lápá iwájú, wọ́n fi sápépà ha ojú ẹ̀ kí gọ́ọ̀mù lè mú un. Gọ́ọ̀mù yẹn, ojú méjèèjì ni wọ́n fi pa, wọn ò sì pa á pọ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, wọ́n gbé e sínú oòrùn títí tí kò fi lẹ̀ mọ́ ìka mọ́, ìgbà yẹn ni wọ́n tó fi ojú kan ojú, wọ́n gbé e lé irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, wọ́n fi òòlù lù ú yíká yíká, ó ń dún kọ́, kọ́, kọ́, wọn ò fo ibì kankan. Ọmọṣẹ́ ní ọ̀pọ̀ èèyàn ò ní sùúrù kí gọ́ọ̀mù gbẹ, ìdí nìyẹn tí bàtà wọn fi ń lanu. Lẹ́yìn gbogbo ẹ̀ ni wọ́n wá rán an, pẹ̀lú òwú nínípọn tí wọ́n ti fi ìda pa, torí ojú abẹ́rẹ́ ni omi máa ń gbà wọlé. Bàbá sọ fún mi láìfi bò pé kò ní lè gba omi dúró bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́, pé tí òjò bá pọ̀ á wọlé díẹ̀. Irú òótọ́ bẹ́ẹ̀ ṣọ̀wọ́n lọ́jà.

₦14,000 ni wọ́n gbà. Ẹ ro ó pọ̀ mọ́ ₦16,000 tí mo rà á, ₦30,000 ni.

Ibi tí máàkì kan yẹn ti já nìyí. Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n dá fún mi, ọjọ́ mọ́kànlá ló gbà. Tí mo bá dé, ó kù díẹ̀. Tí mo bá pè, ó kù díẹ̀. Mo ní ọjọ́ ìrìn àjò tí mo ti ra tíkẹ́ẹ̀tì fún, gbogbo ọjọ́ tí bàtà yẹn wà lọ́dọ̀ wọn ni ẹsẹ̀ mi ò fi rìn. Ká ní wọ́n sọ ọjọ́ mọ́kànlá fún mi látilẹ̀ ni, mi ò ní bínú, torí mo rí i pé iṣẹ́ náà gba àsìkò. Ẹni tó bá fẹ́ gbé bàtà lọ bá wọn, ẹ jẹ́ kó ku oṣù méjì kẹ́ ẹ tó nílò ẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ló kù fún mi láti fi mọ̀ ọ́n lẹ́sẹ̀. Ìbàdàn dáa fún ẹni tó fẹ́ kọ́ ẹsẹ̀ ní òkè o, èèyàn ò ní láti lọ jìnnà. Mo máa ń gun Mápó láti Bẹẹrẹ, màá sọ̀, màá tún gun Òkè Àrẹ dé ìdí Láyípo, màá sọ̀, pẹ̀lú báàgì kílò méje lẹ́yìn. Wọ́n ní kí báàgì má ju ìdá kan nínú mẹ́wàá ìwúwo èèyàn lọ, kílò 72 ni mí, mo di í, mo wọ̀n ọ́n, mo yọ bùláòsì méjì àti báfù kékeré kan jáde. Gígùn òkè kọ́ ni wàhálà, sísọ̀ kalẹ̀ ni, torí ẹsẹ̀ á máa yọ́ lọ síwájú, èékánná á máa kan bàtà. Bàbá ti kọ́ mi pé kí n lọ́ okùn lẹ́ẹ̀mejì níbi ọrùn ẹsẹ̀, kí n fà á le dáadáa kí n tó so apá òkè, kí gìgísẹ̀ lè jókòó sẹ́yìn. Ó ṣiṣẹ́. Obìnrin kan tó ń ta ẹ̀kọ ní Bẹẹrẹ máa ń kí mi, "Ẹ kú ìrìn o, Màmá, ṣé kò sí mọ́tò ni?" ọjọ́ tí mo wá sọ ibi tí mò ń lọ fún un, Mùsùlùmí ni o, ó mú mi lọ́wọ́, ó dárúkọ ọmọ ẹ̀ fún mi pé kí n bá òun gbàdúrà débẹ̀. Mo kọ ọ́ sínú ìwé. Títí tí mo fi máa wọ ọkọ̀ ojú irin ní Mónìyà, orúkọ mẹ́tàlélógún ló ti wà nínú ìwé yẹn.

Oṣù kẹsàn-án ni a rìn ín, èmi àti àbúrò mi obìnrin, ọjọ́ mẹ́fà. Ọ̀nà ò ṣòro láti mọ̀, ọfà yẹ́lò wà lára ògiri, lára igi, lára òkúta, àlùfáà kan tó ń jẹ́ Elías Valiña, ti ìjọ O Cebreiro, ló bẹ̀rẹ̀ sí í kùn ún ní àwọn ọdún 1980, ìgbà tí àwọn tó ń rìn ín ò pọ̀ mọ́. Òpó òkúta tún wà tí wọ́n kọ iye kìlómítà tó kù sí. Ọjọ́ àkọ́kọ́, Sarria sí Portomarín, nǹkan bíi kìlómítà 22, ìparí ẹ̀ ló le, èèyàn á sọ̀ kalẹ̀ gan-an kó tó dé afárá gígùn tó wọ ìlú. Ibẹ̀ ni mo ti dúpẹ́ lọ́wọ́ Bàbá lẹ́ẹ̀kíní, èékánná kankan ò kan iwájú. Ìlú yẹn fúnra ẹ̀, wọ́n ṣí i nípò ni, ní àwọn ọdún 1960, torí omi dáàmù Belesar fẹ́ bo ibi tó wà tẹ́lẹ̀, wọ́n kọ nọ́ńbà sára òkúta ṣọ́ọ̀ṣì wọn, wọ́n tú u ní òkúta kọ̀ọ̀kan, wọ́n gbé e gòkè lọ tún kọ́. Nọ́ńbà yẹn ṣì wà lára àwọn òkúta kan, mo fọwọ́ kàn án.

Òjò bá wa ní ọjọ́ kejì kí a tó dé Palas de Rei, kò sì dá títí a fi dé Melide lọ́jọ́ kẹta. Omi wọ bàtà díẹ̀ bí Bàbá ṣe wí, ìbọ̀sẹ̀ tutù ní ìka, kò rẹ gbingbin. Níbi tí a ń sùn, àwọn ilé àwọn arìnrìn-àjò yẹn, albergue, bẹ́ẹ̀dì olókè àti ìsàlẹ̀ ni, wọn kì í jẹ́ kéèyàn gbé bàtà wọ yàrá, ẹnu ọ̀nà ni gbogbo bàtà máa ń wà lórí pẹpẹ, a máa ń ki ìwé ìròyìn bọ inú ẹ̀ kó lè fa omi. Ní Melide yẹn, obìnrin ará Jámánì kan jókòó síwájú pẹpẹ, bàtà ẹ̀ wà lórí ẹsẹ̀ ẹ̀, rọ́bà abẹ́ ẹ̀ ti ṣí láti gìgísẹ̀ dé àárín, ó fi sẹ́lótéèpù wé e. Bàtà olówó iyebíye ni, ó lójú. Ó ní ó ti pẹ́ tí òun ti rà á, inú kọ́bọ́ọ̀dù ló máa ń wà, ẹ̀ẹ̀mélòó kan péré lòun ti wọ̀ ọ́. Mo fi àtàǹpàkò tẹ ẹ̀gbẹ́ ẹ̀. Ó rún. Ẹ̀rúnrún kan náà, bíi ti Òkè Paadi. Àbúrò mi túmọ̀ fún un ohun tí Bàbá sọ fún mi, ó wojú mi títí, ó ní ṣé aránbàtà ni mí? Mo ní rárá, mo ní ẹnì kan nílé ni. Sáńdáàlì ló fi rìn dé Santiago.

Ẹ jẹ́ n sọ ti ìléròrò, torí iṣẹ́ mi ni. Àràárọ̀ kí n tó wọ ìbọ̀sẹ̀ ni mo máa ń fi òrí pa ẹsẹ̀, láàárín ìka àti gìgísẹ̀, òrí lásán tí mo rà ní Bódìjà, tí mo rọ sínú ike kékeré. Àwọn yòókù ń fi Vaseline, iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ń ṣe, kí awọ má bàa máa ha ara wọn. Àbúrò mi ní òórùn òrí ò bá òun lára mu, ìbọ̀sẹ̀ kọ́tìn ló sì wọ̀, kọ́tìn máa ń gba òógùn dúró, ọjọ́ kẹta ó ti ní ìléròrò méjì. Àwọn kan lójú ọ̀nà ní kí n fi abẹ́rẹ́ àti òwú gún un kọjá, kí n fi òwú sílẹ̀ sínú ẹ̀. Mi ò gbà. Òwú yẹn, ọ̀nà ló là sílẹ̀ fún kòkòrò láti wọlé. Tó bá kéré tí kò dun yín, ẹ bò ó kẹ́ ẹ fi í sílẹ̀. Tó bá tóbi tí kò jẹ́ kẹ́ ẹ lè tẹlẹ̀, ẹ fọ ọwọ́, ẹ fọ ibẹ̀, ẹ fi abẹ́rẹ́ tó mọ́ gún etí ẹ̀, ẹ jẹ́ kí omi jáde, ẹ má ṣí awọ orí ẹ̀ kúrò, ẹ wá fi báńdéèjì bò ó. Ẹni tó bá sì ní àtọ̀gbẹ, kó má fọwọ́ kàn án rárá, kó lọ fi han dókítà.

Oúnjẹ ò ṣe mí ní nǹkan kan. Ọbẹ̀ kan wà tí wọ́n ń pè ní caldo, ewé, ànàmọ́ Òyìnbó àti ẹ̀wà funfun nínú omi ọbẹ̀, ó máa ń bọ́ sákòókò tí òjò bá ti pa wá. Mo gbé gaàrí dání.

Ọ̀nà láti Arzúa, inú igbó yukalípítọ́ọ̀sì ni a gbà fún ọ̀pọ̀ wákàtí, òórùn ẹ̀ bí ìgbà téèyàn ṣí Robb. Ibẹ̀ ni mo ti ń ka rósárì Màámi. Òkè Àdó ni wọ́n ń gbé, ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń lọ sí Máàsì àárọ̀ ní Òkè Paadi nígbà tí mo wà ní kékeré, èmi ni wọ́n máa ń mú dání, wọn kì í sọ̀rọ̀ lọ́nà, rósárì ni wọ́n á máa kà, èmi á máa wo ẹsẹ̀ wọn kí n lè bá wọn dọ́gba. Ó ti pé ọdún mẹ́jọ tí wọ́n ti lọ. Nínú igbó yẹn, ẹsẹ̀ mi bẹ̀rẹ̀ sí í rìn bí wọ́n ṣe máa ń rìn, mo mọ̀ ọ́n lára, mi ò sì fẹ́ kí ọ̀nà tán.

Ọjọ́ yẹn náà ni etí bàtà òsì ṣí díẹ̀ níwájú, kò ju orí ìka kékeré lọ. Bàbá ti fún mi ní gọ́ọ̀mù díẹ̀ sínú ike, mo jẹ́ kó gbẹ, mo fi gọ́ọ̀mù pa ojú méjèèjì, mo dúró bí wọ́n ṣe máa ń dúró, mo tẹ̀ ẹ́ pọ̀. Kò ṣí mọ́.

Ọjọ́ kẹfà, a gun Monte do Gozo, òkè tí àwọn ará àtijọ́ ti máa ń kọ́kọ́ rí ilé gogoro kàtídírà, a sọ̀ wọ Santiago. Ní gbàgede iwájú kàtídírà, èèyàn pọ̀ tó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, àwọn kan dùbúlẹ̀ sórí òkúta, ọ̀pọ̀ ti bọ́ bàtà. Èmi náà bọ́ tèmi. Ẹsẹ̀ mi funfun nínú òrí, kò sí egbò kankan. Mo wọlé, mo ka orúkọ mẹ́tàlélógún yẹn níbi sàréè, mo fi ti ọmọ ẹlẹ́kọ ṣáájú. Ní ọ́fíìsì wọn, wọ́n kọ orúkọ mi sínú Compostela lédè Látìn. Mo fi fọ́tò bàtà ránṣẹ́ sí ọmọṣẹ́ Bàbá, kò pẹ́ tí Bàbá fi ohùn dá mi lóhùn. Wọn ò bi mí léèrè nípa Santiago. Wọ́n ní, "Ìyá Nọ́ọ̀sì, ẹ kú oríire o. Ẹ yí i padà ká rí abẹ́ ẹ̀."

Bàtà náà wà lọ́dọ̀ wọn báyìí. Gìgísẹ̀ ọ̀tún ti jẹ díẹ̀ níta, mo fẹ́ kí wọ́n tún un ṣe, torí lọ́dún 2027, ọjọ́ Sọ́ńdè ni 25 oṣù keje, ọjọ́ àjọ̀dún Jákọ́bù, wọ́n á pe ọdún yẹn ní ọdún mímọ́, mo sì fẹ́ gba ọ̀nà Pọ́túgà. Wọ́n ní kí n wá gbà á ní Tọ́sìdeè. Mo bi wọ́n pé Tọ́sìdeè èwo. Ọmọṣẹ́ rẹ́rìn-ín, Bàbá ronú díẹ̀, wọ́n ní, "Kì í ṣe èyí tó ń bọ̀ yìí, èyí tó tẹ̀ lé e."